Bí A Ṣe Ṣe Nọ́ọ̀bù Tó Ń Dín Iná LED Kù Lórí Bátìrì 12V

LED strip kan (okùn pẹlẹbẹ tó ní LED wẹ́wẹ́ lára) ló wà nínú yàrá màmá mi, mítà 5 ni, bátìrì 12V ló ń gbé e, sólà ló sì ń chájì bátìrì yẹn lọ́sàn-án. Wàhálà ibẹ̀ ni pé màmá ò fẹ́ kí yàrá ṣú birimù lóru, bẹ́ẹ̀ iná yẹn mọ́lẹ̀ ju ohun téèyàn lè sùn sí lọ. Tí wọ́n bá tàn án, oorun dà lójú wọn, tí wọ́n bá pa á, wọ́n á máa fọwọ́ wá ògiri kiri tí wọ́n bá fẹ́ dìde. Wọ́n ní kí n wá nǹkan ṣe sí i, kó máa ṣeé yí bíi rédíò, kó máa lọ sílẹ̀ kó máa gòkè.

Àbúrò ìyàwó mi tó wà ní SS2 náà ti ń yọ mí lẹ́nu tipẹ́ pé "Bọ̀dá, ẹ kọ́ mi níṣẹ́ iná yìí jàre", mo bá ní ó dáa, eléyìí ló máa fi bẹ̀rẹ̀. Òun ló di sọ́dà mú, èmi kàn jókòó tì í ni, mò ń sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ ni. Bó ṣe lọ látìbẹ̀rẹ̀ nìyí, pẹ̀lú iye tá a ná àti àwọn ibi tó ti há.

Iná 12V ni mo ń sọ o, kì í ṣe iná NEPA. Dimmer (ohun tó ń dín iná kù) tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri fún iná NEPA wà lọ́jà lóòótọ́, súìṣì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní triac ló wà nínú ìyẹn, ṣe ló máa ń gé nínú iná 230V tó ń wọlé, ìgbà 100 láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Gbogbo ara bọ́ọ̀dù ẹ̀ ni iná wà, tó bá gbé èèyàn ó lè pa á, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ò gbọdọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ rárá. Àti pé púpọ̀ nínú gílóòbù LED tá à ń rà lọ́jà ni ò gba dimmer yẹn, tẹ́ ẹ bá so wọ́n pọ̀, gílóòbù á máa ṣẹ́jú, á tún máa kùn. Bátìrì 12V ní tiẹ̀ kì í gbé èèyàn, ohun tó lè ṣe ni pé kó jó wáyà tí pósítífù àti nẹ́gẹ́tífù bá kan ara wọn, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kẹ́ ẹ yọ fíúsì kúrò nínú iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó rí.

Ohun tá a rà

IC 555 (ẹ̀rọ kékeré ẹlẹ́sẹ̀ 8 tó máa pàṣẹ fún iná), ₦300, àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ 8 tó máa jókòó lé, ₦100
Fọ́líọ̀mù (irú èyí tá a fi ń yí ohùn rédíò) 100k méjì: B100K ₦300, A100K tó ní súìṣì lẹ́yìn ₦500 (ìdí tó fi di méjì ń bọ̀ nísàlẹ̀)
Diode 1N4148 méjì, ₦100
Resistor (ohun tó ń dín iná tó ń kọjá kù) 1k, 10k, 100 ohm àti 470 ohm, wọ́n ò tà á ní ẹyọ kan, gbogbo ẹ̀ ₦300
Capacitor (ohun tó ń gba iná pamọ́ díẹ̀, tó tún ń tú u sílẹ̀) 10µF, 1µF, 104 kan (0.1µF), 103 méjì (0.01µF), àti 470µF 25V kan, ₦450
Vero board (bọ́ọ̀dù oníhò tó ní bàbà lábẹ́, tá a máa sọ́dà nǹkan mọ́), ₦700
Fíúsì 3A pẹ̀lú ilé ẹ̀, ₦400

Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦3,150. Breadboard (bọ́ọ̀dù oníhò tá a fi ń dán nǹkan wò láìlo sọ́dà) ₦2,500 lọ́tọ̀, ìyẹn ò bá iṣẹ́ lọ, ẹ ó tún lò ó fún òmíì. Alábà la ti rà á, iye tí wọ́n tà á fún wa lọ́jọ́ náà ni mo kọ o, ẹ má fi bá ẹnì kankan jà. MOSFET nìkan la ò rà, ìyẹn súìṣì tó jẹ́ iná ló ń ṣí i tó ń tì í, kì í ṣe ọwọ́. A yọ ọ́ lára UPS kan tó ti kú, tó ti wà lábẹ́ tábìlì mi látọjọ́ tó ti pẹ́. Ẹ má ju UPS dànù láyé, IRFZ44N tàbí IRF3205 ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, wọ́n á tó mẹ́ta mẹ́rin, iṣẹ́ wa yìí ò sì ju ọ̀kan lọ.

Kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ wo irú strip tẹ́ ẹ ní. Tèmi jẹ́ 3528, LED 60 lórí mítà kan, 4.8W ni mítà kan, mítà 5 jẹ́ 24W, ìyẹn ámpù 2 lórí 12V. Tó bá jẹ́ 5050 ni, 14.4W ni mítà kan, mítà 5 á fa ámpù 6, wáyà tó nípọn àti fíúsì tó jù 3A lọ lẹ ó lò. MOSFET yẹn á gbé méjèèjì.

1. Fọ́líọ̀mù láàárín wáyà, kò ṣiṣẹ́

Ọmọ yìí ló kọ́kọ́ bi mí pé, "Bọ̀dá, ṣé a ò kàn lè fi fọ́líọ̀mù sáàárín wáyà kan ni? Ṣebí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dín ohùn rédíò kù." Ìbéèrè tó dáa ni, gbogbo ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ló máa ń bi í, mi ò sì fẹ́ fẹnu lásán sọ fún un. Mo wá fọ́líọ̀mù 1k kan tó ti gbó jáde, mo ní kó gbìyànjú ẹ̀.

A kọ́kọ́ fi dán ẹyọ kékeré kan wò, LED mẹ́ta péré, torí strip 12V ṣeé gé ní mẹ́tamẹ́ta níbi tí wọ́n fa ìlà sí. Ó ṣiṣẹ́! Inú ẹ̀ dùn, ó ń yí i lọ yí i bọ̀. Mo ní ó dáa, so mítà 5 mọ́ ọn. Nọ́ọ̀bù yẹn yí yí yí, iná kàn ń tàn bí ẹní ń kú lọ, kò sí ìyàtọ̀, àfi nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ìpẹ̀kun ni iná bá ṣàdédé gòkè, ibẹ̀ gan-an ni òórùn ti bẹ̀rẹ̀, èéfín tín-ín-rín kan jáde láti ẹ̀gbẹ́ fọ́líọ̀mù, ọmọ sì já wáyà kúrò kí n tó sọ̀rọ̀. A tú u wò: ojú ọ̀nà dúdú inú ẹ̀, ibi tí irin kékeré yẹn ti ń rìn, ti jó ní ìpẹ̀kun kan, ó funfun, ó sì ti ya.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò le. LED mẹ́ta yẹn ń fa nǹkan bíi 20mA péré, odindi strip ń fa ọgọ́rùn-ún ìlọ́po ẹ̀. Fọ́líọ̀mù rédíò ò lè gbé ìdajì wọ́ọ̀tì kọjá, kò sì síbi tí iná tó bá ní kó má kọjá máa gbà lọ, àyàfi kó di ooru lára òun fúnra ẹ̀.

2. MOSFET àti ìka ọwọ́

MOSFET mẹ́ta la yọ lára UPS. Ẹ má gbà pé wọ́n dáa títí ẹ ó fi wọ̀n wọ́n. Ẹ gbé multimeter (ohun tá a fi ń wọ̀n iná) sí ibi diode, ẹ jẹ́ kí ibi tí wọ́n kọ̀wé sí kọjú sí yín, kí ẹsẹ̀ wà nísàlẹ̀: gate lósì, drain láàárín, source lọ́tùn-ún. Wáyà pupa lórí source, dúdú lórí drain, ó yẹ kó gbé nǹkan bíi 0.5 wá. Ẹ pa wọ́n dà, kò yẹ kó gbé nǹkan kan. Láti gate sí èyíkéyìí nínú àwọn méjì tó kù, kò yẹ kó gbé nǹkan kan bákan náà. Ọ̀kan nínú mẹ́ta tiwa ké "píìì" ní gbogbo ọ̀nà, ó ti jó mọ́ra, a jù ú nù. Nígbà míì sì rèé, MOSFET tó dáa náà á ṣe bíi pé ó ti bàjẹ́ torí iná díẹ̀ ṣì dúró sí gate ẹ̀. Ẹ fi ìka kan ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀, kẹ́ ẹ tún un wọ̀n.

A so nẹ́gẹ́tífù strip mọ́ drain, source lọ sí nẹ́gẹ́tífù bátìrì, pósítífù strip lọ tààrà sí pósítífù bátìrì gba inú fíúsì. Gate ò so mọ́ nǹkan kan. Mo ní kí ọmọ fi ìka kan kan pósítífù, kó fi ti ọwọ́ kejì kan gate. Gbogbo strip tàn wàà. Ó yọwọ́, iná ṣì ń tàn. Ó wò mí. Mo ní kó fi ìka kan nẹ́gẹ́tífù báyìí kó tún kan gate, iná kú pátápátá. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, ó ní "Bọ̀dá, oògùn ni?"

Kì í ṣe oògùn. Gate kì í mu iná bíi ti gílóòbù, ó kàn máa ń gba ìwọ̀nba sára ni, ohun tẹ́ ẹ bá sì fi sí i ló máa dì mú títí ẹ ó fi yọ ọ́. Ohun tó kọ́ wa nìyí: ẹ ò gbọdọ̀ fi gate sílẹ̀ láìsí ohun tó dì í mú. Resistor 10k láti gate sí source, ká fi so ó mọ́lẹ̀, kí iná máa kú fúnra ẹ̀ tí kò bá sí ẹni tó ń pàṣẹ fún un.

Nígbà tí ọmọ ń fìka ṣeré yìí, ìgbà míì iná á dúró ní agbedeméjì, kò tàn dáadáa, kò kú. Ọmọ ní "ẹ wò ó, ó ti dín kù, ṣebí ohun tá à ń wá nìyẹn." Mo ní fọwọ́ kan ẹ̀yìn MOSFET. Ó fọwọ́ kàn án, ó sì tètè yọ ọ́. Tí MOSFET bá ṣí dáadáa, ooru ò sí, tó bá tì pa dáadáa, ooru ò sí, àmọ́ tó bá ṣí ààbọ̀, gbogbo iná tí strip ò rí lò ló ń sè é. Ìṣòro fọ́líọ̀mù àná náà ni. Nítorí náà a ò fẹ́ ààbọ̀ rárá, ká ṣí i pátápátá tàbí ká tì í pátápátá, ká kàn máa ṣe é kíákíá.

3. 555, pẹ̀lú capacitor tó tóbi

Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí máa ń ní kẹ́ ẹ fi capacitor kékeré sí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, iná á dín kù lóòótọ́, ẹ ó sì patẹ́wọ́, àmọ́ ẹ ò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lo èyí tó tóbi, 10µF, kí ojú yín lè rí i.

555 yìí ti dàgbà ju èmi lọ, Hans Camenzind ló ṣe é fún ilé iṣẹ́ Signetics ní Amẹ́ríkà ní 1971, wọ́n gbé e sọ́jà ní 1972, títí di òní wọ́n ṣì ń ta á. Iṣẹ́ tó ń ṣe fún wa ò ju pé kó máa wo capacitor kan. Tó bá kún dé ìdá méjì nínú mẹ́ta bátìrì (8V fún 12V), á ní ó tó, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú u dànù, tó bá sọ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́ta (4V), á tún ní kó máa kún. Nígbà tó bá ń kún, ẹsẹ̀ 3 máa ń gbé iná jáde, nígbà tó bá ń sọ̀, ẹsẹ̀ 3 á kú.

Bá a ṣe so ó lórí breadboard:

Ẹsẹ̀ 8 àti 4 lọ sí pósítífù, ẹsẹ̀ 1 sí nẹ́gẹ́tífù.
Ẹsẹ̀ 2 àti 6 so pọ̀, capacitor 10µF ti ibẹ̀ lọ sí nẹ́gẹ́tífù (ẹ̀gbẹ́ tó ní àmì ìyọkúrò ló máa kọjú sí nẹ́gẹ́tífù).
Resistor 1k láti pósítífù sí ẹsẹ̀ 7.
Ẹsẹ̀ 7 sí ẹsẹ̀ àárín fọ́líọ̀mù.
Ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀bù fọ́líọ̀mù kọjú sí yín, kí ẹsẹ̀ ẹ̀ wà nísàlẹ̀. Diode kan lórí ẹsẹ̀ òsì, kí ìlà dúdú ẹ̀ kọjú sí 555. Diode kejì lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí ìlà dúdú tiẹ̀ kọjú sí fọ́líọ̀mù. Ẹ̀gbẹ́ kejì àwọn diode méjèèjì pàdé ní ẹsẹ̀ 2 àti 6.
Capacitor 103 kan láti ẹsẹ̀ 5 sí nẹ́gẹ́tífù.
Ẹsẹ̀ 3 gba inú resistor 100 ohm lọ sí gate. 10k tọ́jọ́sí ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀nà kan ni diode máa ń jẹ́ kí iná gbà, ìyẹn ló jẹ́ kí kíkún gba apá kan fọ́líọ̀mù, kí sísọ̀ gba apá kejì. Tẹ́ ẹ bá yí nọ́ọ̀bù, ẹ̀ ń bù lára ọ̀kan fún èkejì ni, àpapọ̀ ẹ̀ ò yí padà.

A tan án. Strip tàn, ó kú, ó tàn, ó kú, ó fi díẹ̀ jù ìgbà kan lọ láàárín sẹ́kọ́ńdì kan. Mo ní kó yí nọ́ọ̀bù. Ó yí i sósì, iná kàn ń ṣẹ́jú pẹ́rẹ́, òkùnkùn pẹ́. Ó yí i sọ́tùn-ún, iná pẹ́, òkùnkùn ló ń ṣẹ́jú. Mo bi í pé nígbà tí iná yẹn bá tàn, ṣé ó mọ́lẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ àbí kò mọ́lẹ̀ tó o? Ó wò ó títí. Ó ní "bákan náà ni, àsìkò tó fi ń tàn ló yàtọ̀."

Gbogbo ọ̀rọ̀ dimmer nìyẹn. Iná ò dín kù níbì kankan, àsìkò ẹ̀ la dín kù, ojú wa ló máa bá wa ṣe ìyókù.

4. Ẹ máa dín capacitor kù

Ẹ pa iná kẹ́ ẹ tó pàrọ̀. Ìṣirò ẹ̀ ni 1.44 ÷ (101,000 × capacitor), 101,000 ni 100k fọ́líọ̀mù àti 1k pa pọ̀, farad lẹ ó fi kọ capacitor (10µF jẹ́ 0.00001 farad), èsì ẹ̀ ni iye ìgbà tí iná ń tàn ní sẹ́kọ́ńdì kan.

10µF: bí 1.4 ní sẹ́kọ́ńdì kan, èyí tá a ti rí.

1µF: ìgbà 14. Èyí burú, iná ń gbọ̀n lójú yín, orí á fẹ́ máa yí yín. A ò wò ó pẹ́, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ní wárápá wà nítòsí níbi tẹ́ ẹ ti ń dán an wò, torí iná tó bá ń ṣẹ́jú báyìí lè gbé e dìde.

104, ìyẹn 0.1µF: ìgbà 143. Iná dúró jẹ́ẹ́! Ọmọ pariwo. Ó yí nọ́ọ̀bù, iná ń lọ sílẹ̀ lọ́ra lọ́ra bá a ṣe fẹ́. Àmọ́ nígbà tó fi fóònù ya fídíò ẹ̀ láti fi han àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, ìlà dúdú ń kọjá lórí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ju ọwọ́ yín fìrì níwájú ẹ̀ nínú òkùnkùn, ìka yín á di bí ogún.

103, ìyẹn 0.01µF: bí ìgbà 1,430. Ìlà inú fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́, ọwọ́ náà ò pín mọ́. Ibí la dúró sí.

5. Nọ́ọ̀bù tó le nísàlẹ̀

B100K la lò látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tá a ṣàkíyèsí ni pé láti òkè dé agbedeméjì, téèyàn bá ń yí i, kò fẹ́ẹ́ sí ìyàtọ̀ lójú, àmọ́ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé ìsàlẹ̀, tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án báyìí, iná ti já. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni màmá ń fẹ́ lóru. Multimeter ò rí wàhálà kankan, ámpù ń dín kù déédéé pẹ̀lú nọ́ọ̀bù. Ojú èèyàn ni kì í ka iná bí multimeter ṣe ń kà á: tí iná bá dín sí ìdajì, ojú á ní díẹ̀ ló lọ.

Àwọn tó ń ṣe rédíò ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, torí bí etí náà ṣe ń ṣe nìyẹn, ìdí nìyẹn tí fọ́líọ̀mù rédíò kì í fi gùn déédéé. Lẹ́tà tó wà níwájú nọ́ńbà ló ń sọ ọ́: B gùn déédéé, A máa ń rọra gòkè kó tó wá sáré. A pàrọ̀ ẹ̀ sí A100K, nọ́ọ̀bù yẹn sì wá rọ̀ nísàlẹ̀, ẹ lè yí i dé ibi tẹ́ ẹ bá fẹ́. Tẹ́ ẹ bá so diode bí mo ṣe kọ ọ́ lókè, ọ̀nà tó tọ́ ló máa gbà. Tẹ́ ẹ bá pa wọ́n dà, A á wá burú ju B lọ.

Súìṣì tó wà lẹ́yìn A100K, tó ń dún "kẹ́" tẹ́ ẹ bá yí i délẹ̀, a nílò ẹ̀ torí nọ́ọ̀bù yìí ò lè pa iná tán, 1k tó wà ní ẹsẹ̀ 7 ò jẹ́, bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún á ṣì máa tàn. Ẹ má fi iná strip gba inú súìṣì kékeré yẹn o. Iná 555 nìkan ni kó máa gé, ìyẹn kéré gan-an. Tí 555 bá ti kú, 10k á fa gate wálẹ̀, strip á kú.

Ohun tí multimeter kà lórí bátìrì tó wà ní 12.5V: nọ́ọ̀bù lókè pátápátá 1.8A, ẹsẹ̀ 3 gbé 11V. Ní ìdajì 0.9A, ẹsẹ̀ 3 gbé 5.5V (multimeter máa ń da títàn àti kíkú pọ̀ ni, ó wá mú àárín wọn). Ibi tí màmá ń fi sí lóru 0.2A, ìsàlẹ̀ pátápátá 0.03A. Bátìrì 7Ah tó wà níbẹ̀, tá ò bá fẹ́ kó lọ kọjá ìdajì kó má bàa tètè kú, 1.8A ò lè tó wákàtí méjì lórí ẹ̀. 0.2A á gbé ilẹ̀ mọ́, á tún kù.

6. Vero board

Sọ́dà 40W, lẹ́ẹ̀dì 0.8mm (èyí tá à ń yọ́ láti fi lẹ ẹsẹ̀ mọ́ bàbà), fèrèsé ṣí sílẹ̀. Ẹ fi orí sọ́dà kan ẹsẹ̀ àti bàbà pa pọ̀, ẹ kà á dé méjì, kẹ́ ẹ tó fi lẹ́ẹ̀dì kàn án. Ó yẹ kó dán, kó fẹ̀ nísàlẹ̀. Tó bá rí roboto bíi ìlẹ̀kẹ̀, kò mú.

Bàbà abẹ́ vero board gùn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, sọ́kẹ́ẹ̀tì 555 sì jókòó lé mẹ́rin nínú ẹ̀, nítorí náà ẹsẹ̀ 1 àti 8 wà lórí bàbà kan, 2 àti 7, 3 àti 6, 4 àti 5. Ẹ gbọ́dọ̀ gé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárín, ẹ fi orí dírìlì 4mm yí i lọ́wọ́ lásán. Ọmọ gé mẹ́ta. Èyí tó fi sílẹ̀ ni ti 1 àti 8, ìyẹn pósítífù sí nẹ́gẹ́tífù tààrà. A so bátìrì, "táí", fíúsì já. Kò sí ohun mìíràn tó bàjẹ́, ₦50 la fi ra fíúsì míì. Látìgbà náà, kó tó so bátìrì ó máa ń fi multimeter wọ̀n pósítífù àti nẹ́gẹ́tífù bọ́ọ̀dù, tó bá ké, á kọ́kọ́ wá ibi tó wà.

Wáyà láti bátìrì sí bọ́ọ̀dù àti láti bọ́ọ̀dù sí strip ni ẹ jẹ́ kó nípọn, 1.5mm² là ń lò. Bàbà vero board náà tín-ín-rín fún ámpù 2, a da lẹ́ẹ̀dì sórí ibi tí iná strip ń gbà. Fíúsì wà lẹ́nu bátìrì, kì í ṣe lẹ́nu bọ́ọ̀dù. MOSFET ò nílò irin ìtutù fún 3528, a fọwọ́ dì í mú lẹ́yìn wákàtí kan, ó tutù. Fún 5050 ẹ kàn án mọ́ irin díẹ̀, kí irin yẹn má sì kan nǹkan kan torí ẹ̀yìn MOSFET náà drain ni.

7. Rédíò ń kùn

Gbogbo ẹ̀ ti wọ inú àpótí oníke 3 by 3 tí àwọn oníná fi ń gbé súìṣì, a ti kàn án mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ni màmá bá tan rédíò AM wọn, ó ń dún "zììììn". Tí wọ́n bá yí nọ́ọ̀bù, ohùn yẹn náà ń yí padà. Wọ́n ní "ẹ bá mi mú nǹkan yín kúrò o, ìròyìn ni mo fẹ́ gbọ́."

Ohun tó fà á ni pé MOSFET ń ṣí, ó ń tì wàrà wàrà, wáyà gígùn tó lọ sí strip wá di eriali. Nǹkan mẹ́ta la ṣe. A fi capacitor 470µF sí ẹnu ibi tí iná ti ń wọ bọ́ọ̀dù. A yọ resistor 100 ohm ẹnu gate, a fi 470 ohm rọ́pò, kí ṣíṣí àti títì lè rọra díẹ̀ (a tún fọwọ́ kan MOSFET, kò gbóná). A wá lọ́ wáyà méjèèjì tó lọ sí strip mọ́ra wọn bí ẹni ń di irun. Lílọ́ wáyà yẹn ló ṣiṣẹ́ jù. Ariwo ò tán pátápátá, àmọ́ tí rédíò bá ti jìnnà sí strip ní bí mítà kan, ẹ ò ní gbọ́ ọ mọ́. FM ò ní wàhálà kankan látìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn ibi tó lè há mọ́ yín lọ́wọ́

Iná tàn gan-an, kò gbọ́ ti nọ́ọ̀bù: ẹ yọ 555 kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Tó bá ṣì ń tàn, MOSFET ti jó mọ́ra, tàbí ẹ gbé drain àti source ẹ̀ sódì, torí diode kan wà nínú ẹ̀ tó máa jẹ́ kí iná kọjá. Tó bá kú, ẹ wo diode méjèèjì, ó ṣeé ṣe kí ìlà wọn kọjú síbì kan náà.

Iná ò tàn rárá: ẹ wọ̀n ẹsẹ̀ 4, ó gbọ́dọ̀ ní iná bíi ẹsẹ̀ 8. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbàgbé ẹsẹ̀ 4 pọ̀.

Yíyí sọ́tùn-ún ló ń dín in kù: ẹ pàrọ̀ wáyà ẹsẹ̀ òsì àti ọ̀tún fọ́líọ̀mù.

Ẹ má so bọ́ọ̀dù yìí tààrà mọ́ páńẹ́ẹ̀lì sólà láéláé, kódà kí wọ́n kọ 12V sí i lẹ́yìn, torí tí oòrùn bá mú tí kò sí bátìrì lẹ́nu ẹ̀, ó lè gbé 21V wá, bẹ́ẹ̀ 16V ni 555 lè gbà. Ẹnu bátìrì ni kẹ́ ẹ ti mú un. Tí bátìrì bá ń chájì dé 14.4V, kò séwu.

Ẹnìkan ní ilé wa ti bi mí ti 24V, torí tiẹ̀ ni bátìrì méjì tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn. Ó ṣeé ṣe. Strip 24V lẹ ó rà, MOSFET yẹn lè gbé 55V nítorí náà kò níṣòro, àmọ́ ẹ fi 7812 sáàárín pósítífù àti 555 kó máa fún un ní 12V péré, pẹ̀lú capacitor 104 kan ní ẹnu àbáwọlé ẹ̀ àti òmíì ní ẹnu àbájáde. Capacitor 470µF 25V yẹn ò ní lè gbà á, ẹ fi èyí tó jẹ́ 50V rọ́pò ẹ̀. Fọ́líọ̀mù, diode àti gbogbo ìyókù wà bó ṣe wà.